ÀMÁNÀ NI ÌRÌN-ÀJÒ

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run.

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ bí ẹní fún wa, tí ó sì la ọ̀nà sí inú rẹ̀ kí á lè máa rìn. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ fi ìlú tí wọ́n ti bí i sílẹ̀, tí ó di àlejò ní ìlú onílùú, tí ìlú náà sì di ilé fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀.



Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì, nítorí kò sí ọ̀kan nínú wa tí a ń ka ìwé yìí tí kì í ṣe ìrìn-àjò ni ó gbé òun tàbí bàbá rẹ̀ dé ibi tí ó wà. Bàbá ẹnìkan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ti ẹlòmíràn ti Ìlọrin wá, ti òmíràn ti Ọ̀ffà tàbí Ìwó wá. Àwọn kan wá tajà. Àwọn kan tẹ̀lé iṣẹ́ epo wá nígbà tí ilé-iṣẹ́ Shell fi ibùdó rẹ̀ sí Ogunu níhìn-ín, tàbí nígbà tí wọ́n ṣí ilé ìfọpo Warri ní ọdún 1978. Ṣùgbọ́n ohun tí ó mú wa kọ ọ́ ní àkókò yìí ni pé, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, wọ́n gbé ẹ̀bẹ̀ kan wá síwájú ẹgbẹ́. Wọ́n ní kí á yọ owó nínú àpò ìrànlọ́wọ́, kí á fi ran ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ kí ó lè gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Àwọn kan ní kí á fún un, àwọn kan ní kí á má fún un, ohùn sì ga díẹ̀. Wọ́n ní kí àwa àáfà sọ ohun tí ẹ̀sìn wí. A kò lè dáhùn lọ́jọ́ náà, a ó sì sọ ìdí rẹ̀ kí á tó parí ọ̀rọ̀ wa. Èsì wa nìyí.

ÌRÌN-ÀJÒ KÌ Í ṢE Ẹ̀ṢẸ̀

Ẹ̀yin ará wa, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀sìn kórìíra kí ènìyàn ṣí kúrò ní ìlú rẹ̀ lọ wá oúnjẹ tàbí ìfọ̀kànbalẹ̀. Nínú Suratu Nisai, Ọlọ́hun bá àwọn kan wí tí wọ́n jókòó sí abẹ́ ìnira nígbà tí wọ́n ní agbára láti ṣí lọ, Ó sì rán wọn létí pé ilẹ̀ Òun gbòòrò. Kàlẹ́ńdà tí àwa Mùsùlùmí ń lò, kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí Ànábì wa, bẹ́ẹ̀ ni kò bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí ó gba iṣẹ́ ìjíṣẹ́. Híjírà ni a fi ń kà á, ìyẹn ìgbà tí ó kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mọ̀dínà ní ọdún 622.

Kí híjírà yẹn tó wáyé, àwọn kan nínú àwọn Sàábé ti kọ́kọ́ sá lọ sí ilẹ̀ Habasha, èyí tí à ń pè ní Etiópíà lónìí, ní nǹkan bíi ọdún 615. Àwọn ará Kuraeṣi rán ọkùnrin méjì tẹ̀lé wọn, wọ́n di ẹ̀bùn awọ rù wọ́n, kí wọ́n lọ bẹ ọba ibẹ̀ kí ó kó àwọn aṣíkiri náà lé wọn lọ́wọ́. Àwọn ìjòyè ọba ti gba ẹ̀bùn, wọ́n ti ní kí ọba ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọba Najaṣi, tí kì í ṣe Mùsùlùmí nígbà náà, wí pé òun kò ní fi ẹni tí ó sá sábẹ́ òun lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láìgbọ́ ti ẹnu wọn. Ó ránṣẹ́ pè wọ́n. Jaafaru ọmọ Abi Talib dìde, ó rojọ́. Ọba gbọ́ ti ọ̀tún, ó gbọ́ ti òsì, ó wá dájọ́ pé kí wọ́n máa gbé ilẹ̀ òun ní àlàáfíà, ó sì ní kí wọ́n dá ẹ̀bùn padà fún àwọn tí ó kó o wá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a.

Nígbà tí ó wá kan Ànábì fúnra rẹ̀ láti lọ, ẹ wo bí ó ti ṣe é. Abubakri ti tọ́jú ràkúnmí méjì sílẹ̀ fún ìrìn-àjò náà, ó ti ń fún wọn lóúnjẹ láti oṣù mélòó kan ṣáájú. Wọ́n háyà ọkùnrin kan tí ó mọ ọ̀nà aṣálẹ̀ dáadáa, Abdullahi ọmọ Uraikiti, ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí ṣùgbọ́n tí ó ṣeé fọkàn tán. Asmau ń gbé oúnjẹ wá fún wọn. Ẹnìkan ń mú ìròyìn ìlú wá lóru. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà nínú ihò àpáta kí ọ̀nà tó rọ̀. Ànábì tí Ọlọ́hun ń ṣọ́ kò torí ìyẹn sọ pé kí àwọn kàn máa lọ, ohun tí ó bá máa ṣẹlẹ̀ kí ó ṣẹlẹ̀.

Ohun tí ó wá jọ wá lójú jù lọ nìyí. Àwọn ará Mẹ́kà tí ó ń wá ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó owó àti ẹrù wọn pamọ́ sí, nítorí wọ́n mọ̀ pé kì í jẹ àmánà. Lóru ọjọ́ tí ó ń sá fún ikú, ó fi Aliyu sílẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè dá ohun olúkálùkù padà fún un kí òun náà tó máa bọ̀. Aliyu lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀, ó dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ibí yìí ni a ti rí orí ọ̀rọ̀ wa. Àmánà ni ohun tí a fi ṣọ́ ẹni, tí ẹni kò gbọ́dọ̀ jẹ. Ìrìn-àjò jẹ́ àmánà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń lọ, lọ́wọ́ ẹni tí ó ń rán an lọ, lọ́wọ́ ẹni tí ó gbà á lálejò, àti lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe àdúà fún un. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá jẹ àmánà ni ìrìn-àjò ń di ẹkún.

OHUN TÍ ÀWỌN ONÍMỌ̀ RÍ

Islam kò kọ ìmọ̀, ibikíbi tí ó bá ti wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ó jẹ́ olùkọ́ ni ó bá wa ka ohun tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ kọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2024, mílíọ̀nù 304 ènìyàn ni ó ń gbé ní orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti bí wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ iye yìí lè rò pé gbogbo ayé ti dìde. Ṣùgbọ́n bí a bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn jọ láyé, kò tó mẹ́rin nínú wọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a sì ń ṣí kúrò nílé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wa kì í kọjá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kan náà. Kútọnu, Lomé, Akrá àti Abíjáàn ni wọ́n ń lọ, bí àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Kódífúà láti ọjọ́ pípẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ravenstein ti kọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1885 pé ibi tí kò jìnnà ni ọ̀pọ̀ aṣíkiri ń lọ, àti pé bí ọ̀wọ́ kan bá ṣe ń lọ ni ọ̀wọ́ mìíràn ń padà bọ̀.

Ọmọ tiwa náà sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje, tí ó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì kú ní 2022, Kano ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Yorùbá tí ó ṣí lọ sí ilẹ̀ Háúsá ni, ọmọ àlejò bí i tiwa. Ní ọdún 1970 ó kọ ìwé kan lórí bí àwọn ará oko ti ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, àwọn onímọ̀ káàkiri ayé sì ń tọ́ka sí ìwé náà títí di òní. Ohun tí ó wí ni pé kì í ṣe òṣì nìkan ni ó ń lé ènìyàn jáde, kì í sì í ṣe owó ìlú ńlá nìkan ni ó ń pè é. Ìròyìn tí ẹni tí ó kọ́kọ́ lọ bá fi ránṣẹ́ sílé wà lára ohun tí ó ń pinnu bóyá ẹni tí ó kù yóò lọ. Bí ìròyìn bá dára, wọn á tẹ̀lé e. Bí ìròyìn bá burú, ẹsẹ̀ á dúró.

Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun. Ẹni tí ó ń sùn lórí ilẹ̀ yàrá tí ó jẹ́ ti ènìyàn mẹ́jọ, tí ó wá lọ dúró ti mọ́tò onímọ́tò ya fọ́tò ránṣẹ́ sílé, ẹ̀rí èké ni ó jẹ́. Ẹlòmíràn yóò ta ilẹ̀ bàbá rẹ̀ nítorí fọ́tò yẹn. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni ẹ̀rí èké nínú Islam, kódà bí ó bá jẹ́ àwòrán ni a fi jẹ́ ẹ.

Àwọn onímọ̀ tún rí i pé kì í ṣe ẹni tí kò ní nǹkan kan rárá ni ó ń lọ jìnnà, nítorí owó ni a fi ń rìn. Ẹni tí ó ní ṣọ́ọ̀bù láti tà ni ó ń rí owó fún àwọn tí wọ́n ń kó ènìyàn gba aṣálẹ̀. Àwa tí a wà ní ọjà kò nílò ìwé láti mọ èyí.

Àwọn ìjọba ń jiyàn lórí ohun tí wọn yóò ṣe. Àwọn kan ní kí á ti ilẹ̀kùn, àwọn kan ní kí á ṣí i, àwọn kan ní kí á kọ́kọ́ tún ilé ṣe kí ọmọ má baà jáde. Jámánì dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ láti òkèèrè dúró ní ọdún 1973, ó rò pé àwọn ará Tọ́kì yóò padà sílé. Ọ̀pọ̀ wọn kò lọ. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn bá jáde àwọn kò ní lè wọlé mọ́, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ìyàwó àti ọmọ wọn wá. Ní 2015, orílẹ̀-èdè Niger ṣe òfin tí ó ka kíkó àwọn aṣíkiri gba Agadez kọjá sí ọ̀ràn, Yúróòpù sì ń fi owó ràn án lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ fi ọ̀nà tí ó ní kànga sílẹ̀, wọ́n ń gba ibi tí ojú ọlọ́pàá kò dé, tí omi kò sì sí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, àwọn ológun tí ó gba ìjọba níbẹ̀ fagi lé òfin náà. Ìjọba Nàìjíríà tiwa ní ìlànà lórí ìṣípòpadà láti 2015, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé sì fẹnu kò ní Marrakech ní oṣù kejìlá ọdún 2018 pé kí ìrìn-àjò máa wà létòlétò, láìséwu. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè ṣe nǹkan kan bí àwa tí a wà nídìí ọ̀rọ̀ kò bá ní àmánà.

ÀMÁNÀ ẸNI TÍ Ó GBA ÀLEJÒ

Ẹ jẹ́ kí á rántí Gánà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gba ìwé tàbí kí ó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, ní Akrá, ní Kùmásí, ní Tamale, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀ffà, Ṣakí àti Ìgbòho. Òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Eades kọ odidi ìwé lórí àwọn oníṣòwò Yorùbá ní àríwá Gánà, ó sì jáde ní 1993. Àwọn mìíràn nínú wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti bí wọn. Àwọn àgbà wa sọ bí wọ́n ti ta ọjà ṣọ́ọ̀bù ní iye tí kò tó owó ọkọ̀, bí wọ́n ti fi gbèsè tí àwọn ènìyàn jẹ wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, tí wọn kò sì gbà á mọ́ láé.

Ẹ má sì gbàgbé pé Busia kì í ṣe púrúǹtù. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni, ìmọ̀ nípa bí àwọn ènìyàn ṣe ń bá ara wọn gbé ni ó sì kọ́. Ìmọ̀ wà lórí rẹ̀ bámúbámú, ṣùgbọ́n nígbà tí agbára dé ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe bí Najaṣi tí ó pe àlejò kí ó gbọ́ ti ẹnu rẹ̀.

Kí á tó fi ìka sí i, ẹ jẹ́ kí á wo ìka tí ó kọjú sí àwa náà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, ìjọba Alhaji Shehu Shagari, Mùsùlùmí bí i tiwa, pàṣẹ ọ̀sẹ̀ méjì kan náà ní Nàìjíríà. Àwọn ará Gánà ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kan, àwọn olùkọ́ ọmọ wa, àwọn télọ̀, àwọn bíríkìlà. Báàgì alápò tí wọ́n fi kó ẹrù, orúkọ àbùkù tí a sọ ọ́ nígbà náà ni a ṣì fi ń pè é lọ́jà di òní: Ghana Must Go. Ní 1985 a tún lé àwọn ènìyàn. A mọ àwọn tí wọ́n lé bàbá wọn ní 1969 tí ó dúró lẹ́bàá títì ní 1983 tí ó ń pàtẹ́wọ́. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà.

Bẹ́ẹ̀ sì ni a ti jọ fọwọ́ sí ìwé ṣáájú ìgbà náà. Èkó ni wọ́n ti dá ECOWAS sílẹ̀ ní 1975, ní 1979 ni wọ́n sì fẹnu kò ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó lo 90 ọjọ́. Òótọ́ ni pé ìwé náà kò ṣọ́ ẹni tí ó bá lò ju ọjọ́ yẹn lọ láìgba àṣẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí òfin gba ènìyàn láyè láti lé àlejò, ọ̀tọ̀ ni kí á lé e bí ajá. Lónìí ìdè ECOWAS náà ti tú díẹ̀, nítorí Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025.

Kí ni èyí kàn wá ní Ogunu? Ó kàn wá nítorí pé àlejò wà lábẹ́ àwa tí a jẹ́ àlejò. Àwọn ọmọ Niger tí ó ń pọnmi, tí ó ń ṣọ́ géètì, tí ó ń rán bàtà, ṣé à ń san owó iṣẹ́ wọn ní pípé? Ànábì wa kọ́ wa pé kí á sanwó òṣìṣẹ́ kí òógùn rẹ̀ tó gbẹ. Ẹnìkan nínú wa a máa sọ pé, “Ta ni yóò lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn?” Ọlọ́hun ni yóò fi sùn. Àwa náà mọ bí ó ti rí nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní Warri ní 1997, ní 1999 àti ní 2003, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń di ẹrù lóru tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ yóò mọ́ bá òun. Àwọn onílẹ̀ tí ó ní kí á má lọ, tí wọ́n fi ilé wọn pamọ́ fún wa, a kò gbọdọ̀ gbàgbé wọn nínú àdúà.

Kí àlejò náà sì mọ tirẹ̀. Nígbà tí Abdurahmani ọmọ Aofi dé Mọ̀dínà lọ́wọ́ òfo, wọ́n pa òun àti Saadi ọmọ Rabiu pọ̀ bí ọmọ ìyá. Saadi ní kí ó gba ìdajì dúkìá òun. Abdurahmani ṣe àdúà fún un, ó ní kí ó ṣáà fi ọ̀nà ọjà han òun. Ó lọ sọ́jà, ó ń ta wàrà àti bọ́tà, kò sì pẹ́ tí ó fi rí owó gbéyàwó. Onílé ṣí ọwọ́, àlejò kò sì sọ ara rẹ̀ di ẹrù. Ohun tí Islam ń pè ní ìbágbépọ̀ nìyẹn.

ẸBI ÀWA ÀÁFÀ

A wí ní ìbẹ̀rẹ̀ pé a ó sọ ìdí tí a kò fi lè dáhùn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn.

Ní ọdún 2018, ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta, Ọba Ewuare Kejì ti Ìlú Bìní pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ jọ sí ààfin, ó tú gbogbo ìmùlẹ̀ tí wọ́n mú àwọn ọmọbìnrin mu kí wọ́n tó kó wọn lọ sí Yúróòpù, ó sì fi àwọn tí kò bá jáwọ́ gégùn-ún. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin sí ìgbà náà tí wọ́n sin òkú àwọn obìnrin 26 ní Salerno, ní Ítálì, àwọn tí wọ́n kó láti inú òkun, tí wọ́n sì gbà pé ọmọ Nàìjíríà ni ọ̀pọ̀ wọn. Nígbà tí a gbọ́ ohun tí ọba ṣe, àwa àáfà wí pé, “Alhamdulillahi, a kò sí lára wọn, a kò fi ọmọ ẹnikẹ́ni mulẹ̀.”

Irọ́ ni a pa fún ara wa. Ṣáájú ìgbà náà, ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ kéwú lọ́dọ̀ wa wá bá wa. Ó ti ta ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní ọmọ òun fẹ́ rìn, kí á bá òun wo ọjọ́ tí ó dára, kí á sì ṣe àdúà. A ṣe àdúà, a kọ hàńtúù, a gba owó. A kò béèrè ọ̀nà tí ó ń gbà. A kò béèrè ẹni tí ó ń mú un lọ. A sọ fún un pé ọ̀nà ti là.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ìpè wá láti Sabha ní ilẹ̀ Líbíà, pé wọ́n ti ọmọ mọ́lé, kí ìyá fi owó ránṣẹ́ bí kò bá fẹ́ gbọ́ òkú rẹ̀. Ìyá yá owó, ó fi ránṣẹ́. Ọlọ́hun kó ọmọ náà yọ, ó wà nínú àwọn tí ọkọ̀ òfurufú àjọ IOM kó padà sí Èkó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ lọ kò padà. Ìtìjú kò jẹ́ kí ó wá sí Warri fún ìgbà pípẹ́. Lọ́jọ́ tí ó wá, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó wá wí pé, “Àáfà, nígbà tí òǹgbẹ ń pa wá, mo ń sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé kò séwu, pé ẹ̀yin ni ẹ sọ pé ọ̀nà ti là.”

Ẹ̀yin ará wa, a kò ní èsì. Ànábì ní kí ẹni tí ó ní ràkúnmí kọ́kọ́ so ó, kí ó tó gbára lé Ọlọ́hun. Àwa kò béèrè bóyá ràkúnmí wà, ká tó wá sọ ti okùn. A fi orúkọ Ọlọ́hun ta ìrètí tí kì í ṣe tiwa láti tà. Ìmùlẹ̀ ni oníṣègùn fi de àwọn ọmọbìnrin wọ̀nyẹn, àdúà ni àwa fi ti ọmọ yìí jáde nílé, a kò sì mọ èyí tí ó wúwo jù lọ́jọ́ ìṣírò.

ÈSÌ WA FÚN ẸGBẸ́

Èyí ni ohun tí a rí, Ọlọ́hun ni ó sì mọ̀ jù.

Ẹgbẹ́ kò gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ fún ọ̀nà aṣálẹ̀. Àpò ìrànlọ́wọ́ jẹ́ àmánà àwọn opó àti ọmọ òrukàn, bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á fi ọwọ́ ara wa ti ara wa sínú ìparun. Ṣùgbọ́n kí á má fi ọ̀rọ̀ lé ọmọ náà padà sí ìdí àìríṣẹ́ tí ó ń sá fún. Kí ẹgbẹ́ yá a ní owó láìsí èlé, kí ó fi ra irinṣẹ́ tàbí kí ó fi bẹ̀rẹ̀ òwò, kí àgbà kan sì dúró tì í.

Ẹni tí ó bá ní ìwé ìrìnnà, tí ó ní físà, tí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ tí a lè wádìí ń dúró dè é, kí ẹgbẹ́ ràn án lọ́wọ́, nítorí oore ń bọ̀ láti ibẹ̀. Owó tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń fi ránṣẹ́ sílé láti òkèèrè tó nǹkan bíi 20 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ilé ìwé ọmọ àti oògùn àgbà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bá lọ. Ṣùgbọ́n kí á bi í ní ìbéèrè mẹ́rin kí á tó gbé ọwọ́ sókè fún àdúà. Èkíní, ta ni ó mọ ọ̀nà tí o ń gbà, ṣé ó sì ṣeé fọkàn tán bí ọmọ Uraikiti? Èkejì, ta ni o jẹ ní gbèsè, ta sì ni o fi ìyàwó, ọmọ àti òbí rẹ lé lọ́wọ́, bí Ànábì ti fi àmánà lé Aliyu lọ́wọ́? Ẹ̀kẹta, iṣẹ́ wo ni ọwọ́ rẹ mọ̀, kí o lè béèrè ọ̀nà ọjà bí Abdurahmani? Ẹ̀kẹrin, ṣé o ó máa sọ òtítọ́ fún wa nílé, ìbáà dùn, ìbáà korò?

Ẹni tí ó bá lọ tí kò rọgbọ, tí ó padà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nínú àwọn mẹ́jọ tí Ọlọ́hun ní kí á fún ní sàká, onírìn-àjò tí ọ̀nà pin mọ́ lójú wà níbẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ nínú owó wa. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sì ni ìròyìn òtítọ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mabogunje sọ pé ó lè dá ẹsẹ̀ dúró. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó láàárín àwọn ọ̀dọ́, kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí.

Ní ti àwa àáfà, a bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa kí á fẹnu kò, pé a kò ní gba owó mọ́ láti ṣe àdúà fún ẹni tí kò bá lè sọ ọ̀nà tí ó ń gbà. Owó ìyá yẹn, a ti dá a padà. A mọ̀ pé kò tó owó ṣọ́ọ̀bù, kò sì lè jí ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n àmánà ni, kì í ṣe tiwa. Ọmọ rẹ̀ ti ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà báyìí, ó sì ti gbà láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ oṣù tí ń bọ̀, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ẹ mú àwọn ọmọ yín wá.

Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé. Ọlọ́hun kí ó mú gbogbo àwọn tiwa tí ó wà lójú ọ̀nà dé ilé láyọ̀. Kí ó forí jin àwọn tí iyanrìn bò àti àwọn tí òkun gbé, tí a kò rí òkú wọn kí á kírun sí wọn lára. Kí ó fi àlàáfíà sí Warri, kí ó san oore fún àwọn tí ó gbà wá lálejò, kí ó má sì jẹ́ kí àwa náà di onílé tí ó ń lé àlejò. Kí ó forí ji àwa tí a sọ ohun tí a kò mọ̀ ní orúkọ Rẹ̀. Àmín, yáà Rabbal aalamiina.